Ṣé O Mọ Afọlábí Tó Wà Nínú Orin Eminem?

Ṣé o mọ̀ pé orin tí Eminem fi jáde sí gbangba ayé lọ́dún 1999, ìyẹn "My Name Is", orí gìtá àti béèsì inú orin tí Afọlábí kan kọ ní Ìlú Ọba lọ́dún 1975 ló jókòó lé? Claudius Afolabi Siffre ni orúkọ ọkùnrin náà ní kíkún. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Barbados àti ti Bẹ́ljíọ̀mù lára. Lára àwo orin, Labi Siffre ni wọ́n máa ń kọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ orin Eminem yẹn sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kò gbọ́ orúkọ Siffre rí.

Bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ṣe rí látòkè délẹ̀ nìyẹn. Orin rẹ̀ dé ibi tí orúkọ rẹ̀ kò dé. Láti àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1970 dé èyí tó fi dágbére lọ́dún 1998, ó kọ orin tí àwọn ẹlòmíràn fi gbayì, tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ níbi ayẹyẹ, tí àwọn tó ń ṣe sinimá ń wá kiri. Oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ àwo ló ti ṣa àwọn orin náà jọ sójú kan, tí wọ́n sì pè é ní ààyò nínú orin rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ sọ níbí ni èyí tí wọn kì í ráyè kọ sẹ́yìn páálí irú àwo bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bí i ní Hammersmith, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1945, kò tíì pé oṣù méjì tí ogun Hitler parí? Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún tí wọ́n kéde pé ogun ti parí ní Yúróòpù, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló tú síta, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó ń lù fún èrò. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti gìtá jáde sí Piccadilly Circus, àwọn ènìyàn sì ń jó tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ Empire Windrush, tí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun ló kó aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ọdún 1948 ló gúnlẹ̀. Labi ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Inú ìlú tí wọ́n bí i sí ló wà. Kò ti ibì kankan dé.

Ṣé o mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni olórin ńlá Ìlú Ọba tí orúkọ Yorùbá fara pamọ́ sínú orúkọ rẹ̀ kúkúrú? Sade tí gbogbo ayé mọ̀, Helen Folasade Adu ni, Ìbàdàn ni wọ́n sì bí i sí lọ́dún 1959. Seal ńkọ́? Henry Olusegun Olumide Adeola Samuel ni; Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí òun sí ní tirẹ̀, lọ́dún 1963. Àwọn méjèèjì yìí, ẹnu wa kì í yẹ̀ láti sọ pé tiwa ni wọ́n. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa Labi. Bẹ́ẹ̀, ọdún 14 gbáko ló fi ṣáájú Sade gbé àwo àkọ́kọ́ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti ṣe akọ̀wé tó ń to fáìlì ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters, tó sì ti wa takisí, kí orin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ? Jáàsì ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwo rẹpẹtẹ nílé, ti Miles Davis, ti Thelonious Monk, ti Billie Holiday, ti Wes Montgomery onígìtá, ìdí àwọn àwo yẹn ni àbúrò sì jókòó sí. Ní ìgbà kan láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó ń ta gìtá nínú kíláàbù jáàsì tí Annie Ross, akọrin jáàsì, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń lù pọ̀: ẹni kan nídìí dùùrù Hammond, ẹni kan nídìí ìlù, òun nídìí gìtá. Ẹni tó bá ti ta gìtá fún àwọn tó mọ jáàsì dáadáa lóru, tó mọ̀ pé tí ìka òun bá ṣì rìn wọ́n á gbọ́, kò lè ta á bákan náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn orin rẹ̀ tó dà bíi pé wọ́n rọrùn kò fi rọrùn rárá fún ẹni tó bá gbé gìtá láti gbá wọn jáde. Etí rẹ á sọ fún ọ pé kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni, ìka rẹ á sọ fún ọ pé irọ́ ni.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé òun ló ni "It Must Be Love"? Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Ìlú Ọba, yóò sọ fún ọ pé ẹgbẹ́ olórin Madness ló ni ín. Labi ló kọ ọ́, òun ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1971. Ó dé ipò 14 lórí àtẹ orin tó ń tà jù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Madness gbé tiwọn jáde, ó gun orí òkè dé ipò 4. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún 1992, ó tún padà sórí àtẹ, ó dé ipò 6. Sinimá The Tall Guy tó jáde lọ́dún 1989 náà lò ó.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí ni fídíò tí Madness ṣe. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, wàá rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó gbé fayolíìnì sí èjìká, tó ń ta á wọ́ọ́rọ́wọ́. Labi fúnra rẹ̀ ni. Olórin wá di ẹni tó ń ta fayolíìnì lẹ́yìn àwọn tó yá orin rẹ̀ kọ, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé ẹ wò ó, onílé nìyí. Kò dà bíi pé ó dùn ún. Ó yẹ ká rántí pé nínú iṣẹ́ orin, ẹni tó kọ orin ní owó tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá lu ti Madness, Labi náà ń jẹ níbẹ̀.

"Crying, Laughing, Loving, Lying" jáde ní ọdún 1972. Ipò 11 ló dé, ìyẹn ni pé ipò kan ṣoṣo ló kù kó wọ àárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní ọdún 2023, Alexander Payne fi sínú sinimá rẹ̀ The Holdovers, ìtàn olùkọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé kan àti obìnrin alásè kan tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé-ìwé nígbà ọlidé Kérésìmesì. Ṣé o wá mọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín? Kérésìmesì ọdún 1970 ni ìtàn sinimá náà ṣẹlẹ̀. Orin tó ń dún níbẹ̀ kò tíì jáde nígbà náà! Àwọn tó ṣe sinimá yìí ṣọ́ra nípa aṣọ, nípa mọ́tò, nípa irun orí, àní nípa bí àwòrán ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ti fíìmù àtijọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan orin Labi, wọ́n gbàgbé kàlẹ́ńdà. N kò dá wọn lẹ́bi.

Àwo tí wọ́n ti mú orin yẹn, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ni mo gbà pé ó dára jù nínú gbogbo ohun tó ṣe. "It Must Be Love" wà nínú rẹ̀. "My Song" tí a máa tó dé orí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Cannock Chase" náà wà níbẹ̀, orin tí wọ́n sọ ní orúkọ igbó àti pápá kan ní Staffordshire, láàárín gbùngbùn England. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọrin nípa igbó! Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ta gìtá onígi nígbà yẹn, tí wọ́n ń kọrin nípa odò àti òkè, ìwé ìròyìn orin kún fún wọn. Nígbà tí aláwọ̀ dúdú bá ṣe irú rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn kì í mọ abala tí wọn yóò fi í sí. Wọ́n retí kó kọ orin sóòlù, kó làágùn, kó pariwo. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó gbé gìtá rẹ̀ sórí itan. Mo rò pé apá kan ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi dún tó bó ṣe yẹ wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní fẹ́ràn jù kò pé ìṣẹ́jú méjì? "Bless the Telephone" ni, láti inú àwo The Singer and the Song ti ọdún 1971. Gìtá àti ohùn ni. Ẹnì kan tẹ olólùfẹ́ rẹ̀ láago, inú ẹni tó gbé fóònù dùn, ó tán. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sí ẹkún, ẹnikẹ́ni kò sá lọ. Kí orin tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ó ti parí. Lọ́dún 2014, Kelis ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ayé mọ̀ sí orin "Milkshake", tún un kọ sínú àwo rẹ̀ tó pè ní Food. Kò fi ìlù kankan kún un, kò fi aruwo kún un. Ó gbọ́n.

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ó yani lẹ́nu: Labi Siffre díje láti ṣojú Ìlú Ọba níbi ìdíje orin Eurovision. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1978, nínú gbọ̀ngàn Royal Albert Hall, ó kọ orin tirẹ̀ "Solid Love". Orin 12 ló díje, tirẹ̀ ṣe ipò karùn-ún. Ó tún bá ẹlòmíràn kọ orin mìíràn tó wà nínú ìdíje kan náà, ìyẹn sì ṣe ipò kẹwàá. Ẹnikẹ́ni tó bá wo Eurovision rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí irú ọkùnrin yìí ti ń ṣoríire. Ká máa bọ̀.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé gbóná. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ta gìtá àti ẹni tó ta béèsì nínú "I Got The", orin tí wọ́n ti mú ti Eminem jáde, ni Chas àti Dave? Bí o kò bá gbé Ìlú Ọba rí, ìyẹn lè máà sọ nǹkan kan fún ọ, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé. Chas Hodges àti Dave Peacock ni àwọn olórin tí wọ́n ń fi èdè àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kọrin ilé ọtí: dùùrù, àwàdà, bíà lọ́wọ́, gbogbo èrò ń gbè é. Àwọn ló bá àwọn òṣèré sínúkà kọrin lọ́dún 1986. Kò sí olórin méjì tó jìnnà sí ráàpù Detroit ti Eminem tó wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbajúmọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni kí wọ́n máa lù fún ẹlòmíràn nínú sítúdíò. Lọ́dún 1975, nígbà tí Labi ń ṣe àwo Remember My Song fún ilé-iṣẹ́ EMI, àwọn ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Àwo náà kò dá ìlú rú. Ó wọnú igbó lọ, àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ kiri nìkan ló ń wá a.

Fi etí sí orin náà fúnra rẹ. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, orin ìjó ni, ó le, ó ń ta kébé, Labi ń pe, àwọn ohun èlò ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ lójijì. Béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nísàlẹ̀, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń wọlé lóru, gìtá sì ń bù ú díẹ̀díẹ̀ lókè. Bí o bá mọ orin Eminem, ibi tí wàá ti fò dìde lórí àga nìyẹn. Ibi yẹn ni Dr. Dre, ẹni tó ṣe orin náà fún Eminem, gbọ́, tó gé, tó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Kò tún nǹkan púpọ̀ ṣe sí i. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lo orin olórin gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí Eminem fẹ́ sọ lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Labi. Ó kà á, ó ní rárá. Ó ní àwọn gbólóhùn tó ń tàbùkù obìnrin, àti àwọn tó ń fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí òun tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Èrò rẹ̀ ni pé bí olórin bá fẹ́ bá ènìyàn jà, kó bá ẹni tó ń fìyà jẹni jà. Bíbú ẹni tó ń jìyà, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni nínú orin kíkọ. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ọkùnrin tí ìdin ti ń jẹ àwo rẹ̀ àtijọ́ yẹn lórí pẹpẹ ni ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà dúró dè. Ẹlòmíràn ì bá ti gba owó kó sì dákẹ́. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Orin jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1999, ó dé ipò 2 ní Ìlú Ọba, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Eminem kọ́ ló kọ́kọ́ dé ìdí "I Got The" o. Jay-Z ti gé lára rẹ̀ sínú "Streets Is Watching" lọ́dún 1997. Nígbà tó di 2007, Kanye West mú "My Song" ti ọdún 1972, ó fi bẹ̀rẹ̀ orin tó pè ní "I Wonder". Ti Kanye yìí tiẹ̀ yàtọ̀, nítorí ohùn Labi fúnra rẹ̀ lo máa gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ohun èlò orin nìkan. Àwo Graduation tí ó wà nínú rẹ̀ tà tó 957,000 ní Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín ọjọ́ méje, iye ilé tí ohùn ọmọ Hammersmith wọ̀ ní Amẹ́ríkà ju èyí tí ohunkóhun tó gbé jáde níbẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ̀ rí lọ, àwọn onílé kò sì mọ̀ pé àlejò ti wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ló mú un padà sídìí orin? Lẹ́yìn ọdún 1975, ọdún 13 ló kọjá kó tó gbé odindi àwo mìíràn jáde. Lọ́dún 1985, ó ń wo fíìmù kan nípa South Africa, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè. Ó rí ṣọ́jà aláwọ̀ funfun kan tó ń yìnbọn lu àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ohun tó jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni "(Something Inside) So Strong". Nílé wa níbí, Sonny Okosun ti gbé "Fire in Soweto" jáde láti ọdún 1977, ó fi ìlù àti rẹ́gẹ̀ kígbe. Labi gba ọ̀nà mìíràn. Jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá ẹni tó ń ni ín lára sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó dojú kọ ọ́. Ó ń ga sókè ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, àwọn ohùn mìíràn ń wọlé, títí yóò fi dà bíi pé odindi ìlú ló ń kọ ọ́.

Kò tiẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó rò pé òun á wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ China Records ló rọ̀ ọ́ pé kó gbé e jáde pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1987, ó dé ipò 4, ìyẹn sì ni ibi gíga jù tí orin tó fi ohùn ara rẹ̀ kọ dé rí. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Ivor Novello, èyí tí àwọn tó ń kọ orin ní Ìlú Ọba ń bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Nígbà tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 1990, orin náà ti wà lẹ́nu ayé fún ọdún mẹ́ta.

Àmọ́ Labi ti sọ ní gbangba pé South Africa nìkan kọ́ ni orin yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ṣàkíyèsí pé ìtàn ara òun náà wà níbẹ̀: ìtàn ọmọkùnrin tó ti mọ̀ láti kékeré pé ọkùnrin lòun yóò fẹ́ràn, tí gbogbo ayé sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé èèyàn burúkú ni irú rẹ̀. Ọdún 1964 ló pàdé ẹni tó di alábàágbé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òfin England àti Wales tó dẹ́kun fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ ọkùnrin sẹ́wọ̀n. Nígbà tí òfin gbà kí wọ́n forúkọ ìdàpọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀, ikú ló sì yà wọ́n lọ́dún 2013. Nǹkan bí ọdún 49 nìyẹn. Ohun yòówù kí o rò nípa rẹ̀, o ò lè gbọ́ orin náà dáadáa láìmọ èyí, nítorí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá.

Ohun mìíràn tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹni tó kọ orin tó dún bí orin ìyìn yìí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì, St Benedict's ní Ealing, ló lọ, ó jáde níbẹ̀ láìgbàgbọ́, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń kọ ọ́, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè, ojú wọn ń ṣomi. Àjọ Amnesty International lò ó fún ìpolongo wọn. Ó wà nínú fíìmù Warrior Marks tí Alice Walker, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ sí lọ́dún 1993 láti fi gbógun ti dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Kenny Rogers, tí àwọn bàbá wa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí tó fi já, kọ ọ́ lọ́dún 1989, ó sì fi orúkọ orin náà sọ odindi àwo.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé akéwì ni? Blood on the Page jáde lọ́dún 1995, Monument lọ́dún 1997, ó sì kọ eré orí ìtàgé. Àmọ́ nígbà tí rédíò BBC ní kó wá sọ̀rọ̀ lọ́dún 2014 nípa ẹni ńlá kan tó kú tí òun ń wò bí àwòkọ́ṣe, kò mú Mandela, kò mú Miles Davis. Arthur Ransome ló mú, Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé nípa àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré ní òkè àríwá England nígbà ọlidé. Ó ní inú àwọn ìwé Swallows and Amazons wọ̀nyí ni òun ti kọ́ pé ohun tí èèyàn bá ṣe, ọrùn ara rẹ̀ ló wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Eminem yé mi.

Wàyí o, bí o bá fẹ́ ra àkójọpọ̀ orin rẹ̀, ṣọ́ra. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé àwọn àwo rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jáde: Pye ní ìbẹ̀rẹ̀, EMI lọ́dún 1975, China láti ọdún 1987. Ẹni tó bá ṣe àkójọpọ̀ láìní àdéhùn pẹ̀lú gbogbo wọn, yóò fi nǹkan sílẹ̀. Wo ẹ̀yìn páálí kí o tó sanwó. Bí "I Got The" kò bá sí níbẹ̀, tàbí "So Strong" kò sí níbẹ̀, àkójọpọ̀ ìgbà kan ni, kì í ṣe ti gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi "So Strong" ṣíwájú gbogbo rẹ̀, fò ó ná. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, kí o máa bọ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí orin yẹn máa ń bo gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Bí o kò bá sì ní owó tàbí àyè, "Bless the Telephone" kò ní gbà ọ́ tó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lu Kenny Rogers ní àárọ̀ Sunday, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí ẹ bá lu "Something Inside So Strong", kí ẹ tó lu ìpolówó ọjà, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ pè é ní Afọlábí.